Kí Ọjọ́ Mẹ́rìnlá Tó Pé: Lẹ́tà Gbangba sí Gómìnà Ìpínlẹ̀ Èkìtì

Sí Ọlọ́lá Jùlọ, Gómìnà Abíọ́dún Oyèbánjí,
Ilé Ìjọba, Adó-Èkìtì.

Arámọkọ ni mo ti ń kọ ìwé yìí. Ìjọba ìbílẹ̀ kan náà ni àwa àti Ìkògòsì, ìlú yín, ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ bí àbúrò ṣe ń bá ẹ̀gbọ́n sọ̀rọ̀, láìfi igbá kan bọ ọ̀kan nínú.

Àbúrò mi kan ń bá àwọn kan ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń wa àlùmọ́ọ́nì. N kò ní dárúkọ ibẹ̀. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, òkúta yẹ̀, ó wó lù ú lẹ́sẹ̀, eegun ojúgun rẹ̀ sì kán. Ilé ìwòsàn tí wọ́n kọ́kọ́ gbé e dé ní àfi kí owó wà nílẹ̀ kí àwọn tó fọwọ́ kàn án. Ni wọ́n bá gbé e lọ sọ́dọ̀ bàbá kan tó ń to eegun. Ó wà lórí ẹní níbẹ̀ nígbà tí ọ̀gá rẹ̀ dé ní ọ̀sẹ̀ kejì pẹ̀lú àgbà méjì. Wọ́n dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún ìyá wa. Wọ́n gbé iṣu, epo, àpò ìrẹsì kan àti owó díẹ̀ kalẹ̀. Lẹ́yìn àdúrà, wọ́n yọ ìwé kan jáde, pé kí àbúrò mi buwọ́ lù ú pé òun ti gba owó gbà-má-bínú, òun kò sì ní bá ẹnikẹ́ni ṣẹjọ́. Gbogbo wa ṣe àmín. Èmi tí mo kàwé nínú ilé, èmi ni mo yá a ní bírò.

Ẹ̀yìn ìgbà náà ni mo tó rí òfin tó yẹ kí n ti mọ̀. Oṣù Kejìlá ọdún 2010 ni Ààrẹ Goodluck Jonathan buwọ́ lù ú. Employees' Compensation Act ni wọ́n ń pè é. Agbanisíṣẹ́, ìbáà ṣe ìjọba, ìbáà ṣe aládàáni, ni yóò máa san náírà 1 lórí 100 náírà owó oṣù tó ń san sí àpò àjọ NSITF, tó ń san owó fún òṣìṣẹ́ tó fara pa lẹ́nu iṣẹ́, kò sì gbọdọ̀ yọ kọ́bọ̀ rẹ̀ lára owó òṣìṣẹ́. Alágbàṣe, ọmọ iṣẹ́, ẹni tí wọ́n fẹnu lásán gbà síṣẹ́ láìsí lẹ́tà, òṣìṣẹ́ ni gbogbo wọn lójú òfin yìí. Ẹni tó fara pa kò ní láti wá ẹ̀rí pé ọ̀gá ló jẹ̀bi. Bó bá kú, opó tó ní ọmọ 2 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ yóò máa gba 90 nínú 100 owó oṣù ọkọ rẹ̀. Ìwé tí àbúrò mi buwọ́ lù wá ńkọ́? Òfin ní òṣìṣẹ́ kò lè fọwọ́ ara rẹ̀ kọ̀wé yọ̀ǹda ẹ̀tọ́ yìí. Pépà tí wọ́n fi ń pọ́n ẹ̀pà sàn jù ú lọ.

Ọjọ́ tí òfin ń kà ni ìṣòro wa. Ẹni tó fara pa gbọ́dọ̀ sọ fún ọ̀gá rẹ̀ láàárín ọjọ́ 14. Ọ̀gá gbọ́dọ̀ fi tó NSITF létí láàárín ọjọ́ 7. Ẹni tó ń bèèrè owó ní ọdún 1 láti kọ̀wé bèèrè. Gómìnà wa, ọjọ́ 14 kò tó fún eegun láti bẹ̀rẹ̀ sí í so. Ibi tí òfin ti ń ka ọjọ́ rẹ̀, ibẹ̀ ni ẹni tó fara pa ti ń ka àjà ilé onítò eegun, tí àwọn ẹbí ń wá ẹni tí wọn yóò yá lówó, tí ọ̀gá sì ń wá àgbà tí yóò bá òun bẹ̀bẹ̀. Bí omi gbígbóná àti omi tútù Ìkògòsì ni òfin àti ará ìlú rí lọ́dọ̀ wa: wọ́n ń ṣàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ọ̀kan kò sì gba ooru èkejì.

N kò bú ẹ̀bẹ̀ o. Ẹni tó wá dọ̀bálẹ̀ sàn ju ẹni tó na pápá bora. Àmọ́ àpò ìrẹsì kì í san owó ilé ìwé ọmọ fún ọdún mẹ́wàá.

Ti ìjàǹbá ọkọ̀ náà wà níbẹ̀. Gbogbo ẹni tó ń gba Adó lọ sí Ìtáwúrẹ́, tó tún ń gun òkè Ẹ̀fọ̀n, ló mọ ohun tí ọ̀nà yẹn máa ń ṣe fún àwa tó wà lórí ọ̀kadà. Láti oṣù Kìíní ọdún 2023 ni tàád pátì, ìwé adójútòfò tí òfin ní kí gbogbo ọkọ̀ ní, ti di 15,000 náírà fún ọkọ̀ aládàáni, láti ọjọ́ 1 oṣù Kejì ọdún 2025 sì ni ọlọ́pàá ti ń yẹ̀ ẹ́ wò lójú pópó. Ọ̀pọ̀ awakọ̀ rò pé nítorí ọlọ́pàá ni àwọn ṣe ń rà á. Ẹni tí ọkọ̀ gbá ni wọ́n torí rẹ̀ ṣe òfin náà, òun gan-an ni ẹnikẹ́ni kì í sọ fún. Bí ìjàǹbá bá ṣẹlẹ̀, àgọ́ ọlọ́pàá ni a ti ń parí rẹ̀: "Ẹ jẹ́ ká fi í fún Ọlọ́run." Orúkọ ilé iṣẹ́ adójútòfò tó wà lára ìwé ọkọ̀, kò sẹ́ni tó dà á kọ.

Bó bá wá jẹ́ ọkọ̀ ìjọba ló gbá èèyàn, ó tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Òfin tó ń dáàbò bo òṣìṣẹ́ ìjọba, èyí tí gbòǹgbò rẹ̀ ti wà láti ọdún 1916, fún olùpẹ̀jọ́ ní oṣù 3 péré láti pẹjọ́. Lójú tèmi, ìwà ìkà ni. Ta ló ń wá lọ́yà nígbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣì wà nínú pákó?

Mo mọ̀ pé Àbújá ló ni òfin àlùmọ́ọ́nì àti NSITF. Ṣùgbọ́n àwọn nǹkan kan wà tó wà níkàáwọ́ yín. Ẹ fi òṣìṣẹ́ kan sí ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀ ní Ìjerò, Arámọkọ àti Ẹ̀fọ̀n, ẹni tí yóò máa gba ẹjọ́ àwọn tó fara pa sílẹ̀ lọ́jọ́ kìíní, tí yóò kọ ìwé sí ọ̀gá wọn, tí yóò sì darí ẹni tí owó tó ń wọlé fún un kò ju owó oṣù tó kéré jù lọ, 70,000 náírà, sí Legal Aid Council, nítorí wọ́n ń gba ẹjọ́ ìjàǹbá rò lọ́fẹ̀ẹ́. Ìgbìmọ̀ àlùmọ́ọ́nì ìpínlẹ̀ wà pẹ̀lú. Kí wọ́n máa bèèrè ìwé NSITF lọ́wọ́ gbogbo ẹni tó ń wa ilẹ̀ ní agbègbè Ìjerò. Ẹ gbé àbá lọ sí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin wa kí oṣù 3 yẹn lè di ọdún 3. Ẹ sì rán àwọn ilé ìwòsàn létí pé láti ọdún 2014 ni òfin ìlera ti sọ pé ẹni tó bá kọ ẹni tó wà nínú pàjáwìrì yóò san 100,000 náírà, tàbí kó ṣẹ̀wọ̀n tí kò ju oṣù 6 lọ, tàbí méjèèjì. Ìbéèrè kan ló kù: ṣé ìjọba Èkìtì fúnra rẹ̀ ń san náírà 1 lórí 100 yẹn fún àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀? Ẹ jọ̀wọ́, ẹ dáhùn ní gbangba.

Oṣù mẹ́jọ ti kọjá lórí ọ̀rọ̀ àbúrò mi, ó ṣì ń fi ọ̀pá rìn. Ọdún kan kò tíì pé, ìwé ìbéèrè wa sì ti ń lọ sí NSITF. Òfin gbà wọ́n láyè láti fojú fo ọjọ́ 14 bí ọ̀gá bá ti mọ̀ nípa ìjàǹbá náà. Ọ̀gá rẹ̀ mọ̀: ọjọ́ tó gbé ìrẹsì wá wà lára ìwé tó ní kí a buwọ́ lù, bírò mi ni wọ́n sì fi kọ ọ́.