Ọ̀rọ̀ Steroid: Ariwo Pọ̀ Ju Ẹ̀rí Lọ

Bí ènìyàn bá tilẹ̀ ń sunkún, a máa ń ríran. Ṣùgbọ́n ní Amẹ́ríkà lọ́dún 2005, nígbà tí ìgbìmọ̀ aṣòfin pe àwọn gbajúmọ̀ eléré baseball láti wá jẹ́rìí lórí steroid, oògùn tí ń mú iṣan ara wú, ẹkún àwọn oníròyìn pọ̀ ju ìríran wọn lọ. Wọ́n kọ ọ́ bí ẹni pé gbogbo ọmọ iléèwé ló ti ń gba abẹ́rẹ́ rẹ̀.

Ìpínlẹ̀ Texas fi ariwo náà ṣòfin. Ní 2008, wọ́n yẹ ìtọ̀ àwọn eléré iléèwé girama tó lé ní 10,000 wò. Mélòó ni wọ́n kọ́kọ́ rí mú? Méjì péré! Ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù dọ́là ti wọgbó kí wọ́n tó pa ètò náà tì ní 2015.

Lóòótọ́, oògùn yìí ń ba ọkàn àti ẹ̀dọ̀ jẹ́, àwọn kan sì lè ti fọgbọ́n yẹ àyẹ̀wò náà sílẹ̀. Síbẹ̀, ọtí tí àwọn ọmọ wọ̀nyí ń mu ju steroid lọ fíìfíì kò gba irú ariwo bẹ́ẹ̀. Ojúṣe oníròyìn ni kí ó ka iye kí ó tó lu agogo. Ẹni tó ń kígbe ejò níbi tí okùn wà, lọ́jọ́ tí ejò bá dé ní tòótọ́, ta ni yóò dá a lóhùn?