Ta Ni Ó Ń San Owó Èènì Náà?

Ọ̀rọ̀ kan jẹ yọ ní ìpàdé oṣù tó kọjá tó yẹ kí a kọ sínú ìwé yìí, kí ẹni tí kò wá náà lè gbọ́. Ọ̀kan nínú yín ní ọmọ òun tó wà ní Amẹ́ríkà rí lẹ́tà gbà láti ọ̀dọ̀ báǹkì kan tí òun àti wọn kò jọ da nǹkan pọ̀ rí. Wọ́n ní àwọn ti ṣà á yàn, kó wá gba káàdì tí a fi ń rajà láwìn, àti pé iyekíye tó bá fi káàdì náà ná, àwọn yóò máa dá díẹ̀ padà fún un. Bàbá ọmọ náà ní, "Ẹ bá mi wò ó, ṣé oore nìyí àbí ìdẹ?" Kò tíì jókòó tí àwọn mìíràn fi na fóònù sókè pé irú rẹ̀ ń wọlé sọ́dọ̀ àwọn náà níhìn-ín: "A ti ya ẹ̀yáwó sọ́tọ̀ fún yín, ẹ tẹ ibí yìí kí ẹ gbà á."

Èrò tiwa ni pé kí a tó dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó ń fún wa lóhun tí a kò tọrọ, ó yẹ kí a béèrè ibi tí owó rẹ̀ ti ń wá.

Gbogbo wa la mọ èènì. Bí ìyá onígàrí bá wọn kóńgò tán, tó tún bu ẹ̀kúnwọ́ kan lé e, inú igbá tirẹ̀ ló ti bù ú, ojú wa ló sì ṣe. Owó tí báǹkì ń dá padà fún oníkáàdì fẹ́ jọ èènì, ṣùgbọ́n kì í ṣe inú igbá báǹkì ló ti ń wá. Nígbàkigbà tí oníbàárà bá lo káàdì yìí ní ṣọ́ọ̀bù, wọ́n á yọ díẹ̀ lára owó tó yẹ kó dé ọwọ́ ọlọ́jà. Lára èyí tí wọ́n yọ ni wọ́n ti ń fún oníkáàdì ní èènì. Ọlọ́jà náà kò sì ní fẹ́ kó jẹ́ àdánù òun, yóò fi lé orí ọjà. Nípa bẹ́ẹ̀, àti ẹni tó ní káàdì àti tálákà tó fi owó ọwọ́ rẹ̀ rajà, gbogbo wọn ló jọ ń san án.

Ti èlé ló tún wá burú jù. Ká ní èènì náà jẹ́ dọ́là 2 lórí 100. Bí ọmọ wa bá ń san gbogbo gbèsè rẹ̀ lóṣooṣù, ó jèrè dọ́là 2, a ò ní bá a jà. Ṣùgbọ́n bí kò bá rí i san, èlé irú káàdì bẹ́ẹ̀ ní Amẹ́ríkà sábà máa ń ju 20 lórí 100 lọ lọ́dún. Ẹni tó gba 2, tó wá san ju 20 lọ, ṣé ẹ rí i pé òun gan-an ni wọ́n ń wá nígbà tí wọ́n ń pín lẹ́tà!

Ọgbọ́n yìí kì í ṣe tuntun. Ní oṣù kẹsàn-án 1958, Bank of America fi káàdì 60,000 ránṣẹ́ sí àwọn ará ìlú Fresno ní California. Káàdì gan-an ni o, kì í ṣe lẹ́tà, kò sì sí ẹni tó béèrè. Àwọn kan ná kọjá agbára wọn, olè jí ti ẹlòmíràn ná, gbèsè tí kò ṣeé gbà sì pọ̀. Àwọn báǹkì mìíràn tẹ̀ lé e, títí ìjọba Amẹ́ríkà fi ṣòfin ní 1970 pé kí ẹnikẹ́ni má fi káàdì ránṣẹ́ sí ẹni tí kò béèrè mọ́. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà ṣe irú òfin bẹ́ẹ̀ ní 1974. Lẹ́tà ló kù tí wọ́n lè fi ránṣẹ́. Àwọn iléeṣẹ́ tó ń ṣàkọsílẹ̀ bí oníkálukú ti ń san gbèsè ló ń ta orúkọ fún báǹkì; ìtumọ̀ "a ti ṣà yín yàn" kò ju ìyẹn lọ. Òfin Amẹ́ríkà sì fún ọmọ wa láṣẹ láti ní kí wọ́n yọ orúkọ òun kúrò, ìbáà ṣe fún ọdún 5, ìbáà ṣe títí láé. Bí kò bá fẹ́ káàdì náà, kó ya lẹ́tà ọ̀hún wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ kó tó dà á nù, kí ẹlòmíràn má baà fi orúkọ rẹ̀ gbà á.

Ẹ jẹ́ ká padà wálé. Àwọn àgbà wa mọ òṣómàáló, àwọn oníṣòwò Ìjẹ̀ṣà tó ń gbé aṣọ kiri láwìn láyé ọjọ́un. Bó bá di ọjọ́ owó, wọ́n á lóṣòó sí ẹnu ọ̀nà onígbèsè, wọn ò ní dìde títí wọn yóò fi gbowó. Síbẹ̀, òṣómàáló mọ ojú yín, ẹ̀yin náà mọ ojú rẹ̀, ẹ lè bẹ̀ ẹ́. Ayánilówó inú fóònù kò ní ojú tí ẹ lè bẹ̀. Bí ẹ bá ti tẹ ibi tó ní kí ẹ tẹ̀, ó lè kó orúkọ gbogbo ẹni tó wà nínú fóònù yín. Ó ti ṣẹlẹ̀ káàkiri Nàìjíríà pé wọ́n kọ̀wé sí àna, sí pásítọ̀, sí ọ̀gá ibi iṣẹ́, pé olè ni onígbèsè. Ní oṣù kẹjọ 2021, àjọ ìjọba tí ń jẹ́ NITDA bu mílíọ̀nù 10 náírà lé ọ̀kan nínú àwọn ayánilówó wọ̀nyí lórí nítorí ọ̀rọ̀ àṣírí oníbàárà. Ní oṣù keje 2025, FCCPC, àjọ tó ń gbèjà oníbàárà, gbé òfin jáde tó ka fífi ẹ̀yáwó lé ènìyàn lọ́wọ́ láìbéèrè léèwọ̀. Òfin dára, ṣùgbọ́n ìka ọwọ́ yín ló ń tẹ fóònù, kì í ṣe ti ìjọba.

Àwa alájẹṣẹ́kù ní èènì tiwa, ó sì ti pẹ́ ju ti báǹkì lọ. Ní 1844, ènìyàn 28 ní ìlú Rochdale nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì da owó jọ, wọ́n ṣí ṣọ́ọ̀bù. Nígbà tí èrè dé, wọ́n pín in fún ọmọ ẹgbẹ́ bí oníkálukú ti rajà tó. Òun ni baba ìpín èrè tí à ń pín lópin ọdún. Owó wa ni, ìwé ìṣirò rẹ̀ wà lórí tábìlì fún ẹni tó bá fẹ́ wò ó, èlé tí ẹ sì san lórí ẹ̀yáwó tún ń padà sápò yín.

Àwọn kan yóò ní, "Akọ̀wé, ọ̀rọ̀ yín dùn, ṣùgbọ́n ẹ̀yáwó ẹgbẹ́ ń pẹ́. Fọ́ọ̀mù rèé, onídùúró 2 rèé, ìpàdé ìgbìmọ̀ rèé. Ọmọ tó ń ṣàìsàn lóru kò lè dúró de ìpàdé." Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni. Àwa tí a wà lápá ibodè, láti Tube dé Ìdírókò, mọ bí ọjà ti ń dákú lójijì. Nígbà tí ìjọba ti ẹnubodè pa ní oṣù kẹjọ 2019, April 2022 ni ti Ìdírókò tó ṣí. Onídùúró wúlò, torí òun ló ń béèrè pé, "Kí lo fẹ́ fi ṣe? Báwo lo ṣe fẹ́ san án?" Fóònù kì í béèrè ìyẹn. Ṣùgbọ́n bí ilé kò bá ní omi, ọmọ ilé á lọ mu tìta.

Nítorí náà, àbá wa ni pé kí ìpàdé gbogbogbòò tó ń bọ̀ ya díẹ̀ sọ́tọ̀ nínú owó ẹgbẹ́ fún ẹ̀yáwó pàjáwìrì. Kí alága, akápò àti akọ̀wé lè fọwọ́ sí i lọ́jọ́ kan náà, kó má sì ju owó tí ẹni náà ti fi pamọ́ sọ́dọ̀ wa lọ. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, owó ẹgbẹ́ kò sí nínú ewu.

Adìẹ ń làágùn, ìyẹ́ ni kò jẹ́ ká mọ̀. Bí ẹnikẹ́ni nínú yín bá ti wà nínú gbèsè fóònù, kó má jẹ́ kí ojú ti òun, kó wá rí wa ní kọ̀rọ̀ kí èlé tó gun orí èlé. Ẹ̀yin tó kù, ẹ ro àbá yìí dáadáa kí ọjọ́ ìpàdé tó pé, kí ẹ wá fọwọ́ sí i tàbí kí ẹ ta kò ó. Ẹ má sì gbàgbé owó oṣù yìí o.

Akọ̀wé, fún Ìgbìmọ̀ Ẹgbẹ́