Sàláàdì ọ̀dùnkún: òkè lẹ̀ ń wò, ẹ ò wo ìsàlẹ̀

Ẹni tó bá dúró sí èbúté Le Plateau ní Abidjan láàárọ̀ ọjọ́ iṣẹ́, yóò rí àwọn èèyàn tí wọ́n ń sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú omi tó gbé wọn wá láti Treichville àti àwọn àdúgbò mìíràn. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló gbé ike oúnjẹ dání. Le Plateau ni ilé iṣẹ́ ìjọba àti báńkì pọ̀ sí, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ kì í gbé ibẹ̀. Ìdájí ni wọ́n ti ń dáná, ọ̀sán ni wọ́n tó ń jẹun. Àwọn èèyàn wa náà wà láàárín wọn, àwọn Yorùbá tí ará ibẹ̀ ń pè ní Anango, tí púpọ̀ nínú wọn jẹ́ ọmọ Èjìgbò ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun.

Ọ̀kan nínú wọn, ìyá ọlọ́mọ kan, bi mí ní ìbéèrè kan. Ó ní, "Dókítà, ẹ jọ̀ọ́, mo di sàláàdì ọ̀dùnkún fún ọmọ mi lọ sí ilé ìwé. Kí n tó ti ibi iṣẹ́ dé, ó ti ń bì. Ìyá ọkọ mi ní mayonnaise ló fà á. Mo ti pa á tì, fínígà àti òróró ni mo ń lò báyìí. Ṣé ó ti bọ́ nìyẹn?"

Mo bi í pé aago mélòó ló se ọ̀dùnkún náà. Ó ní aago márùn-ún ìdájí. Aago mélòó lọmọ jẹ ẹ́? Aago kan ọ̀sán. Níbo ló wà títí di ìgbà yẹn? Inú ike, nínú báàgì ilé ìwé.

Wákàtí mẹ́jọ nìyẹn. Wọ́n ní, "Amúkùn-ún, ẹrù rẹ wọ́." Ó ní òkè lẹ̀ ń wò, ẹ ò wo ìsàlẹ̀. Mayonnaise ni gbogbo wa ń dá lẹ́bi nítorí pé òun la rí lókè. Ọ̀dùnkún tó wà nísàlẹ̀, àti wákàtí tó fi wà nínú ooru, ni ó yẹ ká wò.

Kí ló ń ṣẹlẹ̀ nínú ike náà?

Ọ̀dùnkún òyìnbó ni mò ń sọ, èyí tí wọ́n ń pè ní pomme de terre ní Abidjan. Tí a bá ti sè é, ó rọ̀, omi wà nínú rẹ̀, kò sì kan. Ibùgbé tó dára gan-an nìyẹn fún àwọn kòkòrò àìfojúrí. Tí kòkòrò bá rí ooru àti omi tó tẹ́ ẹ lọ́rùn, ẹyọ kan lè di méjì láàárín ìṣẹ́jú 20. Ẹ ṣírò rẹ̀: lẹ́yìn wákàtí 7, ẹyọ kan yẹn ti lé ní mílíọ̀nù 2.

Kòkòrò kan wà tí wọ́n ń pè ní Staphylococcus aureus. Inú imú àti ara awọ ọ̀pọ̀ èèyàn tí kò ṣàìsàn ló ń gbé. Tí ọwọ́ tó bó ọ̀dùnkún tàbí tó gé ẹyin bá gbé e wọ inú oúnjẹ, tí oúnjẹ sì wà nínú ooru, á máa pọ̀, á sì máa tu májèlé síbẹ̀. Bí a bá tún oúnjẹ náà gbé kaná, kòkòrò á kú, ṣùgbọ́n májèlé rẹ̀ kò ní kúrò. Èébì lè bẹ̀rẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú 30 sí wákàtí 8. Oúnjẹ náà kì í sì í rùn, adùn rẹ̀ kì í yí padà. Ìdí nìyẹn tí títọ́ ọ wò kò fi lè gbà yín.

Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, sọ ọ́ pé àárín ìwọ̀n ooru 5 sí 60 lórí òṣùwọ̀n Celsius ni ewu wà, àti pé oúnjẹ tí a ti sè kò gbọ́dọ̀ lò ju wákàtí 2 lọ láìsí nínú fìríìjì. Àwọn aláṣẹ ìlera ní Amẹ́ríkà ní tí ooru bá ju 32 lọ, kó má ju wákàtí 1. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Abidjan, Kútọnu tàbí Èkó mọ bí ọ̀sán ẹ̀ẹ̀rùn ṣe máa ń rí.

Ọ̀rọ̀ ọ̀dùnkún yìí lè ju èébì lọ. Ní oṣù Kẹrin 2015, ní ìlú Lancaster ní ìpínlẹ̀ Ohio ní Amẹ́ríkà, àwọn ọmọ ìjọ kan jọ gbé oúnjẹ wá jẹ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Èèyàn 29 ló kó botulism, àìsàn tí májèlé rẹ̀ máa ń rọ iṣan ara, tó sì lè dí èémí. Ẹnì kan kú. Sàláàdì ọ̀dùnkún ni wọ́n tọpasẹ̀ rẹ̀ dé, mayonnaise kọ́ ló sì fà á. Ọ̀dùnkún tí wọ́n fi ṣe é ni wọ́n ti sè pa mọ́ sínú ìgò nílé, láì lo ìkòkò onípúrẹ́ṣọ̀ tí ooru rẹ̀ ì bá ká kòkòrò náà. Nítorí náà, ẹ má ṣe fi ọ̀dùnkún sísè pa mọ́ sínú ìgò nílé, ẹ má sì jẹ́ kí ọ̀dùnkún tí ẹ wé sínú fóìlì yan sùn mọ́jú nínú fóìlì náà lórí tábìlì.

Kí la lè fi pò ó?

Mayonnaise inú ìgò: ẹyin tí wọ́n ti fi ooru pa kòkòrò inú rẹ̀ ni ilé iṣẹ́ sábà máa ń lò, wọ́n sì ń fi fínígà tàbí omi ọsàn sí i títí á fi kan. Kíkan yẹn kì í jẹ́ kí kòkòrò gbèrú nínú ìgò. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá ti pò ó mọ́ ọ̀dùnkún, kíkan rẹ̀ ti là, kò lè dáàbò bo gbogbo àwo mọ́. Síbí ìjẹun kan lè ní tó 90 sí 100 kálórì. Síbí 4 tó fún kílò ọ̀dùnkún kan.

Mayonnaise àfọwọ́ṣe: ẹyin tútù ló wà níbẹ̀, Salmonella sì lè wà nínú ẹyin tútù. Ẹ má fún aboyún, ọmọdé, arúgbó tàbí ẹni tí àìsàn ti sọ ara rẹ̀ di aláìlágbára. Tí ẹ bá fẹ́ adùn rẹ̀, ẹ se ẹyin 2 títí á fi le, ẹ gún pupa rẹ̀ kúnná pẹ̀lú mọ́sítáàdì díẹ̀, kí ẹ máa da òróró sí i díẹ̀díẹ̀, kí ẹ wá fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí i.

Fínígà àti òróró, tí wọ́n ń pè ní vinaigrette: síbí òróró 6, síbí fínígà 2, mọ́sítáàdì díẹ̀, àlùbọ́sà wẹ́wẹ́. Ẹ dà á sí ọ̀dùnkún nígbà tó ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́, á wọnú rẹ̀ dáadáa. Ẹ má rò pé kò ní ọ̀rá o; síbí òróró kan tó 120 kálórì. Ọ̀pọ̀ èèyàn ní Abidjan máa ń fọ́ Maggi sí i. Ẹ rántí pé iyọ̀ wà nínú Maggi, àgbàlagbà kò sì gbọ́dọ̀ jẹ tó gíráàmù 5 iyọ̀ lójúmọ́. Tí Maggi bá ti wọ̀ ọ́, kí iyọ̀ dúró síta.

Yógọ́ọ̀tì tí kò ní ṣúgà: ọ̀rá rẹ̀ kéré jù nínú gbogbo wọn. Ẹ po ife kan mọ́ ọsàn wẹ́wẹ́ àti ata gígún díẹ̀. Inú òtútù ló gbọ́dọ̀ wà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan kò nílò ọ̀kankan nínú wọn. Ẹ fi ọmú tàbí omi tí ẹ ti sè lọ ọ̀dùnkún fún un, láìsí iyọ̀. Ẹ má sì fi oyin kàn án lẹ́nu.

Bí ẹ ṣe máa ṣe é

Ẹ ṣa ọ̀dùnkún tó ti ní àwọ̀ ewéko tàbí tó ti hu kúrò, nítorí májèlé tó wà nínú rẹ̀ kì í bá iná lọ. Ẹ fọ ọwọ́ yín pẹ̀lú ọṣẹ. Tí egbò bá wà níka, ẹ wọ ìbọ̀wọ́ tàbí kí ẹlòmíì bá yín ṣe é. Ẹ se ọ̀dùnkún títí ọ̀bẹ á fi wọlé wẹ́rẹ́. Ẹ tẹ́ ẹ sínú àwo fẹ̀ǹfẹ̀ kó tètè tutù. Tí ẹ bá kó o jọ sínú ìkòkò jíjìn, àárín rẹ̀ á máa gbóná fún wákàtí púpọ̀. Kí wákàtí 2 tó pé, ó yẹ kó ti wà nínú fìríìjì. Ẹ jẹ ẹ́ tán láàárín ọjọ́ 3.

Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé oúnjẹ lọ síbi iṣẹ́, alẹ́ ni kí ẹ sè é, kó sun inú fìríìjì. Ẹ fi omi kún ìgò kékeré kan, kí ó di yìnyín mọ́jú, kí ẹ dì í mọ́ ike náà nínú báàgì tó nípọn. Tí ẹ bá débi iṣẹ́, kó bọ́ sínú fìríìjì. Tí iná bá lọ, fìríìjì tí ẹ kò ṣí lè mú òtútù dúró fún nǹkan bí wákàtí 4. Tí kò bá sí fìríìjì nílé rárá, ẹ sè é, kí ẹ jẹ ẹ́ lójú ẹsẹ̀, kí ẹ di búrẹ́dì àti ẹ̀pà fún ọmọ lọ sí ilé ìwé.

Mi ò fẹ́ kí gbogbo ẹrù yìí wà lórí àwọn ìyá nìkan. Agbanisíṣẹ́ tó ń gba èèyàn síṣẹ́ láti àárọ̀ dalẹ́, àti ilé ìwé tó ní kí ọmọ gbé oúnjẹ wá, ó yẹ kí wọ́n ní fìríìjì kan tí oúnjẹ lè wọ̀.

Tí ọmọ bá ń bì tàbí tó ń yàgbẹ́ gbuuru

Omi ni kí ẹ kọ́kọ́ dá padà sára rẹ̀. ORS inú sáṣẹ́ẹ̀tì ló dára jù. Tí kò bá sí, ẹ po síbí tíì ṣúgà 6 àti ìlàjì síbí tíì iyọ̀ mọ́ lítà omi mímọ́ kan. Ẹ má ṣe bu iyọ̀ lé e. Ẹ máa fún un ní síbí kan lẹ́ẹ̀kan. Tó bá bì í, ẹ dúró ìṣẹ́jú 10, kí ẹ tún bẹ̀rẹ̀. Ẹ má dá ọmú dúró. Tó bá jẹ́ ìgbẹ́ gbuuru, ẹ fi zinc kún un fún ọjọ́ 10 sí 14: mílígíráàmù 20 lójúmọ́ fún ọmọ tó ti lé ní oṣù 6, 10 fún èyí tí kò tó bẹ́ẹ̀. Ẹ má fún un ní oògùn tó ń dá ìgbẹ́ dúró.

Ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn kíákíá tí ojú rẹ̀ bá wọnú, tí kò tọ̀ fún wákàtí 6, tí ẹ̀jẹ̀ bá wà nínú ìgbẹ́, tí kò lè mumi, tó bá ń sùn láìlè jí dáadáa, tàbí tí kò bá tíì pé oṣù 6. Ẹni tí ìpéǹpéjú rẹ̀ bá ń wọ́ sílẹ̀, tó ń rí nǹkan kan ní méjìméjì, tí ohùn rẹ̀ sì ń lọ́, kó má dúró de ilẹ̀ mọ́ rárá.

Mo ní kí ìyá yẹn dá mayonnaise ọmọ rẹ̀ padà tó bá jẹ́ pé òun lọmọ fẹ́ràn, ṣùgbọ́n kó yí aago ìdáná padà. Ẹ̀yin náà, kí ẹ tó sùn lálẹ́ òní, ẹ fi omi kún ìgò kan, kí ẹ gbé e sínú fìríísà.