Ta Ni Kí Ó Dìbò Lórí Omi?

Nígbà tí a bá ń ro ọ̀nà odò nílé wa, àlejò àti onílẹ̀ ni ń gbé àdá. Àwọn méjèèjì náà ni ń pọnmi. Ní Kalifọ́níà ní Amẹ́ríkà, ìbò ni ọ̀pọ̀ àdúgbò fi ń yan ìgbìmọ̀ tí ń ṣàkóso omi wọn. Èyí dára. Ṣùgbọ́n ẹ wo ọ̀ràn Adágún Tulare. Onílẹ̀ nìkan ni òfin gbà láyè láti dìbò níbẹ̀, ìbò kan fún ilẹ̀ tí iye rẹ̀ tó ọgọ́rùn-ún dọ́là. Ní àsìkò ẹjọ́ ọdún 1973 lórí ọ̀ràn yìí, ilé-iṣẹ́ àgbẹ̀ kan ṣoṣo, J. G. Boswell, ní ìbò 37,825, ó sì tó nígbà náà láti yan èyí tó pọ̀ jù nínú ìgbìmọ̀ náà. Ẹni tó bá ń du ipò níbẹ̀, ojúde ta ni yóò ti lọ tọrọ ìbò? Ayálégbé àti alágbàṣe oko kò ní ìbò kankan.

Ní 1973, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ Amẹ́ríkà fọwọ́ sí òfin yìí, adájọ́ 6 sí 3. Wọ́n ní onílẹ̀ ni ń san owó iṣẹ́ omi. Òótọ́ ni, àmọ́ àgbàrá kì í béèrè ìwé ilẹ̀ kí ó tó ya wọlé ẹni. Adájọ́ Douglas kò fara mọ́ ìdájọ́ náà. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni mo wà.