Ọkọ̀ tí Yóò Dé Oko tí Yóò sì Padà

Ọ̀rọ̀ kan ń jẹ wá lọ́kàn, a kò sì rò pé ó yẹ kí a gbé e mì. Nínú oṣù Agẹmọ tí ó kọjá ni a bá àwọn àgbẹ̀ kan lọ sí oko wọn lẹ́yìn Alábàtà, ní ilẹ̀ Ọdẹ́dá. Jíìpù dúdú kan tí ó ń dán gbinrin, tí wọ́n fi owó tí wọ́n dá fún ọdún mẹ́ta rà, ni wọ́n gbé lọ, wọ́n sì so kẹ̀kẹ́ ẹrù tí ó kún fún gbágùúdá mọ́ ọn ní ìdí. Kí a tó padà dé ọ̀nà ọ̀dà, ó ti rì sínú ẹrẹ̀. Ẹsẹ̀ iwájú méjèèjì ń pòòyì lásán, ti ẹ̀yìn kò tilẹ̀ mira. Ilẹ̀ ṣú mọ́ wa, ilẹ̀ sì mọ́ bá wa níbẹ̀. Bí ó bá ṣe pé aláboyún tí ń rọbí ni a ń gbé lọ sí ilé ìwòsàn ní Ìdí-Àbà ńkọ́?

Jíìpù ni gbogbo wa ń pè é, ṣùgbọ́n orúkọ lásán ni. Jíìpù tí àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà lò nínú Ogun Àgbáyé Kejì, àti Land Rover tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì kọ́kọ́ fi han aráyé ní Amsterdam ní 1948, ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni ẹ́ńjìnnì wọn lè yí. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tòkunbọ̀ tí a ń pè bẹ́ẹ̀ lónìí, méjì péré ni ẹ́ńjìnnì wọn ń yí. Kódà RAV4 àti Hilux, a ṣe èyí tí ń yí mẹ́rin, a sì ṣe èyí tí ń yí méjì. Aṣọ ńlá kọ́ ni ènìyàn ńlá.

Ní tiwa, ohun mẹ́ta ni kí olùrà wò. Èkíní, kí ó bẹ abẹ́ ọkọ̀ wò, bóyá ara rẹ̀ jókòó lórí irin gbọọrọ méjì bí ti Hilux àti Land Cruiser, bóyá agbára sì ń dé iwájú àti ẹ̀yìn. Kí ó bèèrè jíà kékeré tí a fi ń rọra gun àpáta Ọdẹ́dá, tí a sì fi ń jáde nínú àkùrọ̀ Ọ̀fàdà.

Èkejì ni ìwọ̀n ẹrù. Hilux tuntun tí ó lágbára jù lè fa 3,500 kìlógíráàmù bí kẹ̀kẹ́ ẹrù bá ní búrèkì tirẹ̀. Bí kò bá ní, 750 péré ni. Nínú èyí tí àwọn wẹ́dà wa ń jó, mélòó ni ó ní búrèkì?

Ẹ̀kẹta ni ó ṣe pàtàkì jù: ta ni yóò tún un ṣe? Kì í ṣe pé Peugeot 504 kì í bàjẹ́ ní ayé ọjọ́un. Ilé iṣẹ́ tí ó wà ní Kàdúná láti 1975 ń tò ó pọ̀, kò sì sí mẹkáníìkì tí kò mọ inú rẹ̀. Ọkọ̀ tí a kò lè rí ẹ̀yà ara rẹ̀ rà ní Láfẹ́ńwá, ẹrù ni fún àwọn ará oko.

Àwọn kan yóò wí pé iyì ẹgbẹ́ ni jíìpù aláràbarà, àti pé owó Hilux ti ga jù. A gbà pé ó ga. Ṣùgbọ́n ògbólógbòó ọkọ̀ tí irin abẹ́ rẹ̀ kò dípẹtà sàn ju èyí tí ń dán tí kò lè kúrò lójú kan. Iyì wo ni ó wà nínú kí a máa fi okùn fa ọkọ̀ ẹgbẹ́ jáde nínú ẹrẹ̀ lójú ọmọdé?

Nítorí náà, a bẹ ẹ̀yin olórí ẹgbẹ́ ní gbogbo ilẹ̀ Ẹ̀gbá: ẹ mú mẹkáníìkì dání, ẹ gbé ọkọ̀ náà wọ ẹrẹ̀ pẹ̀lú ẹrù ní ìdí kí ẹ tó sanwó. Òógùn ojú àwọn ará oko ni owó yín yìí. Ẹ má ṣe fi ra dígí.