Ẹ Bi Káàdì Léèrè Orúkọ Rẹ̀

Gbólóhùn kan wà tí etí mi ti kún fún ní Ọ̀tígbá, níbi tí wọ́n ti ń ta kọ̀ǹpútà ní Ìkẹjà: "Linux kò mọ káàdì yìí." Bí wọ́n bá ti sọ ọ́, ọ̀rọ̀ bùṣe. Oníbàárà yóò ra káàdì mìíràn, tàbí kí ó gbà kí wọ́n fi ayédèrú Windows sínú ẹ̀rọ rẹ̀. Ó ṣẹlẹ̀ sí èmi náà ní ọdún 2001. Mo ra káàdì olówó pọ́ọ́kú kan tí a fi ń so kọ̀ǹpútà pọ̀ mọ́ra. Orúkọ ara páálí ni wọ́n wá nínú àtòjọ. Wọn kò rí i, ni mo bá san owó káàdì kejì. Ó pẹ́ kí n tó mọ̀ pé kò sí ohun tí ó ṣe ti àkọ́kọ́. Irọ́ ni gbólóhùn yẹn. Owó wa ni ó ń jẹ, ó sì ń sọ wá di ọ̀lẹ.

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní orúkọ ọmọ ni ìjánu ọmọ. Orúkọ ara páálí lè jẹ́ ti alágbàtà lásán, ṣùgbọ́n gbogbo káàdì PCI ni ó ní orúkọ àbísọ nínú ara rẹ̀: nọ́ńbà ilé-iṣẹ́ tí ó ni ín, àti nọ́ńbà irú èyí tí ó jẹ́. Ẹ tẹ lspci -nn lójú Linux, yóò kà á fún yín. Bí ẹ bá rí 10ec:8139, ọmọ Realtek ti ilẹ̀ Taiwan ni. 8139too ni dírẹ́bà rẹ̀, èyíinì ni ètò tí ó ń darí rẹ̀. D-Link DFE-538TX ń jẹ́ 1186:1300, síbẹ̀ 8139too kan náà ni ó mọ̀ ọ́n. Ìbejì pàápàá wà nínú wọn: 8139C+ ń jẹ́ 10ec:8139 bí èkejì rẹ̀, ṣùgbọ́n 8139cp ni dírẹ́bà tirẹ̀. Bí a bá gbé e fún 8139too, yóò kọ̀ ọ́, yóò sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé 8139cp ni kí a lọ bá. Ẹ̀rọ tí ó ń júwe ọ̀nà báyìí ni a ń pè ní aláìmọ̀kan!

Lónìí, ohun tín-ín-rín tí a ń kì bọ ihò USB láti fi gba Wi-Fi ni wọ́n ń sọ ọ̀rọ̀ kan náà sí. Mélòó nínú wọn ni ó tẹ lsusb rí?

Ẹnìkan lè sọ pé káàdì wà tí kò sí nínú àtòjọ lóòótọ́. Ó rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ni ó kọ àtòjọ náà? Donald Becker, tí ó ṣiṣẹ́ ní NASA ní àwọn ọdún 1990, kọ dírẹ́bà fún ọ̀pọ̀ káàdì. Jeff Garzik gba iṣẹ́ rẹ̀, ó sọ ọ́ di 8139too. Ìwé àṣẹ GPL, tí Richard Stallman gbé jáde ní 1989, tí Linus Torvalds sì fi Linux sábẹ́ rẹ̀ ní 1992, fún ọ̀dọ́ Agége náà ní àṣẹ láti ṣí iṣẹ́ wọn wò, kí ó sì fi nọ́ńbà kan kún un.

Àwọn oníṣẹ́ a máa dáhùn pé àṣírí iṣẹ́ ni oúnjẹ àwọn, pé àṣà Yorùbá ni kí awo pa awo mọ́. N kò gbà. Níbi ìpàdé àwọn babaláwo, bí ẹnìkan bá ń sun ìyẹ̀rẹ̀, àwọn yòókù ni yóò máa gbè é. Bí ó bá ṣì í, wọn yóò tún un ṣe lójú gbogbo ẹgbẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni Ifá ṣe pẹ́ láyé. Ewé tí onísègùn kan ṣoṣo mọ̀, tí kò fi han ọmọ, bá a wọ sàréè. Èwo nínú méjèèjì ni a fẹ́ pè ní àṣà?

Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ kí á pe àgbà ní wèrè. Kí ṣọ́ọ̀bù kọ̀ọ̀kan ní Ọ̀tígbá ní ìwé kan tí wọn yóò máa kọ nọ́ńbà káàdì àti dírẹ́bà rẹ̀ sí, kí oníbàárà àti ọmọ iṣẹ́ lè kà á. Títí dìgbà náà, bí wọ́n bá tún sọ fún yín pé ẹ̀rọ kò mọ káàdì, ẹ má tíì yọ owó. Ẹ bi wọ́n pé: kí ni orúkọ rẹ̀?