TA LÓ TA OJÚ ODÒ FÚN YÍN?

Ẹ̀yin ará Ṣáṣá, ẹ̀yin ará Mọ́níyà, ẹ̀yin èèyàn wa ní Akínyẹlé, Lágelú, Ẹ̀gbẹ́dá àti Ọ̀nà-Àrà! Ẹ fara balẹ̀ ka ọ̀rọ̀ yìí, ẹni tó mọ̀wé kó kà á fún ẹni tí kò mọ̀wé.

Bí òjò bá ti ya lulẹ̀, tí omi bá ti wọlé àwọn èèyàn, ọ̀rọ̀ kan náà ni àwọn tó wà lórí àga máa ń sọ. Wọ́n á gun mọ́tò wá, wọ́n á dúró lórí afárá, wọ́n á ní: “Ẹ̀yin lẹ kọ́lé sójú odò. Ẹ̀yin lẹ da pàǹtírí sí gọ́tà.” Lẹ́yìn náà, wọ́n á fi ọ̀dà pupa sàmì sára ògiri yín, wọ́n á bá tiwọn lọ. Ẹni tí omi kò bá ilé rẹ̀ jẹ́, katapílà á bá a jẹ́.

A ò ní tàn yín. Òótọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ wọn. Ẹni tó ń da pàǹtírí sínú odò ń ṣe ara rẹ̀, ó sì ń ṣe ará àdúgbò. Ẹni tó kọ́lé dí ojú omi ń wá ìjàngbọ̀n. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà ní ká kọ́kọ́ lé akátá lọ ná, ká tó fàbọ̀ bá adìyẹ. Ta wá ni akátá inú ọ̀rọ̀ yìí?

Ẹ jẹ́ ká ka ọwọ́ tí owó yín gbà kọjá. Ọmọ onílẹ̀ gba owó ilẹ̀, ó tún padà wá gba owó ìpìlẹ̀ àti owó òrùlé. Ajẹ́ńtì gba tirẹ̀. Lọ́yà gba owó àgírímẹ́ǹtì. Sọ̀féyọ̀ wọn ilẹ̀, ó ri òpó mọ́ igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó gba owó. Bí ẹ bá lọ gba ìwé pláànù, ẹ sanwó níbẹ̀ pẹ̀lú. Bí ẹ kò bá lọ gbà á, ojú àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba náà ni ẹ fi kọ́ ilé dé òrùlé, wọn kò sọ pé ẹ dúró. Nínú gbogbo àwọn tó jẹ lára owó yín yìí, ta ló fa ọwọ́ yín sẹ́yìn pé, “Ìyá, Bàbá, àkúrọ̀ lèyí, omi ń gba ibí kọjá”? Gbogbo wọn mọ̀. Gbogbo wọn dákẹ́. Ọjọ́ tí omi dé, ẹ̀yin nìkan lẹ wá di ọ̀daràn.

Ọ̀rọ̀ yìí kò bẹ̀rẹ̀ lónìí. Odò Ògùnpa kún wọ ìlú Ìbàdàn ní 1960, ó kún ní 1963, ó kún ní 1978. Ìkìlọ̀ mẹ́ta gidi! Nígbà tó di ọjọ́ Àìkú, 31 oṣù Ògọ́ọ̀sì, 1980, ó kún kọjá ààlà, ó wó ilé, ó gbé mọ́tò, àwọn tó bá a lọ sì lé ní ọgọ́rùn-ún èèyàn. Iṣẹ́ àtitún ojú odò náà ṣe fa ọ̀pọ̀ ọdún, ìjọba kan ń gbé e fún òmíràn. Ọdún 31 lẹ́yìn náà, ní 26 oṣù Ògọ́ọ̀sì, 2011, òjò mìíràn rọ̀. Afárá Apẹ̀tẹ̀ já. Èèyàn tó lé ní ọgọ́rùn-ún tún kú. Ìlú kan náà, oṣù kan náà, ẹkún kan náà.

Ẹ jẹ́ ká wọn òjò ọjọ́ náà fún yín, kó lè yé gbogbo wa. Ó tó mílímítà 187, láàárín wákàtí mẹ́rin àti díẹ̀. Ẹ mú pìlọ́ọ̀tì kan, àádọ́ta ẹsẹ̀ ní ọgọ́rùn-ún ẹsẹ̀. Omi tó bọ́ sórí pìlọ́ọ̀tì kan ṣoṣo yẹn lé ní 400 dúrọ́ọ̀mù, dúrọ́ọ̀mù ńlá onílítà 200. Ẹ wá ka iye pìlọ́ọ̀tì tó wà láti Òjóò dé Mọ́níyà! Níbo ni gbogbo omi yẹn máa gbà?

Láyé àwọn bàbá wa, igbó ń mu ún, ilẹ̀ ń mu ún, èyí tó bá kù á rọra wọ́ lọ sí àkúrọ̀. Àkúrọ̀ náà á gbà á, á dá a dúró, ẹ̀fọ́ àti ilá á sì hù níbẹ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Àwọn bàbá wa ò kọ́lé síbẹ̀, orí òkè ni wọ́n tẹ abúlé dó sí. Ṣé wọn ò rí ilẹ̀ pẹrẹsẹ ni? Wọ́n rí i, wọ́n mọ ẹni tó ni ín ni. Lónìí, páànù, síméńtì àti títì ti bo òkè, omi kò ríbi wọlẹ̀ mọ́, ó ń sáré. Ó ń sáré bọ̀ ní àkúrọ̀, ó sì bá yàrá àti pálọ̀ níbẹ̀. Ẹni tó bá rọ yẹ̀pẹ̀ kún ilẹ̀ tirẹ̀ kí ilé rẹ̀ lè ga, ó kàn ti omi náà sínú ilé aládùúgbò rẹ̀ ni.

Wọ́n á ní, “Kí ló dé tí wọ́n fi ra ilẹ̀ olówó pọ́ọ́kú?” Ẹ gbọ́ ìbéèrè olówó! Tíṣà tó fẹ̀yìn tì, tó gba owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ìyá tó ń ta tòmátì àti ata lọ́jà Ṣáṣá, tó ti fi ogún ọdún dá èésú, ta ni nínú wọn tí kò fẹ́ orí òkè? Ilẹ̀ tí agbára wọn ká ni wọ́n rà. Òjò ò bá ẹnìkan ṣọ̀rẹ́, ẹni eji rí leji ń pa. Ṣùgbọ́n ẹni tí ìjọba fi sílẹ̀ lójú àgbàrá ni eji ń kọ́kọ́ rí.

Òfin ilẹ̀ tí ìjọba ológun ṣe ní oṣù Máàṣì 1978 sọ pé ọwọ́ gómìnà ni ilẹ̀ ìpínlẹ̀ wà, kó máa tọ́jú rẹ̀ fún ará ìlú. Ó fún káńsù ní àṣẹ lórí ilẹ̀ ìgbèríko. Bí wọ́n bá fẹ́ gba ilẹ̀ yín, òfin yìí ni wọ́n máa kà sí yín létí. Bí omi bá dé, wọ́n á ní ọ̀rọ̀ àárín ẹ̀yin àti ọmọ onílẹ̀ ni. Irú ìwà wo nìyẹn? Ẹni tó ni àṣẹ ni kó ru ẹrù rẹ̀.

Wọ́n á ní kò sówó. Irọ́! Ní 2014, Báńkì Àgbáyé fọwọ́ sí owó yíyá 200 mílíọ̀nù dọ́là fún iṣẹ́ àkúnya omi n’Ìbàdàn. Ìjọba ìbílẹ̀ 11 ni iṣẹ́ náà wà fún, Akínyẹlé, Lágelú, Ẹ̀gbẹ́dá àti Ọ̀nà-Àrà wà nínú rẹ̀. A ò ní sọ pé wọn ò ṣe nǹkan kan. Wọ́n kọ́ afárá, wọ́n kọ́ kọ́bátì. Wọ́n tún ná nínú rẹ̀ láti fi ṣe ìwé ńlá lórí bí ìlú yóò ṣe máa gbòòrò àti ibi tí omi ń gbà. Ó dáa. Ìwé náà dà? Ṣé wọ́n ti lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri níbi tí ẹ lè rí i? Ṣé ẹnì kan ti là á yé yín ní Yorùbá, ní ọjà tàbí ní ojúlé baálẹ̀? Owó tí a yá ni, ẹ̀yin àti àwọn ọmọ yín lẹ máa san án. Ẹni tó ń san gbèsè yẹ kó rí ọjà tó rà.

Nítorí náà, bí àwọn olùdíje bá dé láti tọrọ ìbò, tiwa àti tiwọn, ẹ dá wọn dúró kí ẹ bi wọ́n ní nǹkan mẹ́rin yìí:

1. Ṣé ẹ máa lẹ àwòrán ọ̀nà omi mọ́ gbogbo káńsù, gbogbo ọjà, ní Yorùbá, kí olùrà tó sanwó?

2. Ẹni tó bá ta ojú odò, àti òṣìṣẹ́ tó bá fọwọ́ sí ìwé rẹ̀, ṣé àwọn náà máa fojú ba ilé ẹjọ́?

3. Ṣé ẹ máa kó ẹrẹ̀ inú gọ́tà àti odò kúrò nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, kí òjò tó bẹ̀rẹ̀?

4. Ẹni tó ní ìwé tí ìjọba fọwọ́ sí, bí ẹ bá wó ilé rẹ̀, èló lẹ máa san fún un, ibo lẹ sì máa fún un kọ́ òmíràn?

Ẹni tí kò bá lè dáhùn, ẹ kí i pé ó dàbọ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ ra ilẹ̀ ńkọ́? Ẹ má lọ wò ó nígbà ẹ̀ẹ̀rùn nìkan. Ẹ lọ ní oṣù Júùnù tàbí Sẹ̀tẹ́ńbà, lọ́jọ́ tí òjò bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dá. Ẹ wo ògiri àwọn ilé ìtòsí bóyá ojú ìlà omi wà lára wọn. Bí ẹ bá rí igi ògùrọ̀, kókò tó hù fúnra rẹ̀ tàbí ihò akàn, ilẹ̀ omi nìyẹn. Ẹ bi àgbẹ̀ tó ti ń dáko níbẹ̀, ẹ má bi ajẹ́ńtì. Ẹ gbé ìwé sọ́fè lọ sí ọ́fíìsì ìjọba kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò kí ẹ tó ka owó fún ẹnikẹ́ni.

Ìbò yín kò gbọdọ̀ jẹ́ ìbò ìrẹsì. Ẹ dì í fún ẹni tó máa fi ojú odò hàn yín kí ẹ tó sanwó ilẹ̀. Ẹni tó jẹ́ pé ọ̀dà pupa nìkan ló mọ̀ ọ́n kùn lẹ́yìn tí ẹ ti kólé tán, ẹ jẹ́ kó lọ sinmi nílé tirẹ̀, lórí òkè tó kọ́ ọ sí.